Orin Fún Ẹni Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Ń Sọ̀rọ̀

Bí olórin bá kú nílẹ̀ wa, ẹnu la fi ń sin ín. A ó pe orúkọ rẹ̀, a ó pe ti bàbá rẹ̀, a ó kí ìlú rẹ̀, a ó sì kí àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá èyí tó wà ní òkè òkun, nítorí òun ni yóò náwó. N kò bú ẹnikẹ́ni. Èmi náà ti jókòó sẹ́yìn olórin níbi òkú àgbà láìmọye ìgbà, tí mò ń ta jìtá títí ilẹ̀ fi ń mọ́, nígbà tí ọ̀gá ń ka orúkọ olóògbé, ti àwọn àna olóògbé, àti ti ẹgbẹ́ aláṣọ funfun tí olóògbé ń bá ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ló ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́: bí ẹni tó kú bá jẹ́ oníjìtá ńkọ́? Ẹni tó jẹ́ pé ìka ló fi bá ayé sọ̀rọ̀, ṣé ẹnu nìkan ló yẹ ká fi dá a lóhùn?

Fàtáì Rolling Dollar ló fa ìbéèrè yìí. Ọmọ Ẹdẹ ni, Ọláyíwọlá Fàtáì Ọlágúnjú ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọdún 1953 ló gbé iṣẹ́ orin lé ọwọ́. Nígbà tó fi máa di 1957, ó ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, African Rhythm Band, wọ́n jẹ́ mẹ́jọ, wọ́n sì ń gbé àwo kéékèèké jáde lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ Philips. Àwọn tó kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ: Ebenezer Obey wà níbẹ̀, Orlando Owoh wà níbẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2013 ló dágbére fáyé, ó ti kọjá ọgọ́rin ọdún dáadáa. Síbẹ̀, bí ẹ bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ Àgọ́-Ìwòyè lónìí, èyí tó bá mọ̀ ọ́n nínú wọn á rántí bàbá arúgbó kan tó ń jó bí ọmọ ogún ọdún, tó kọ "Wọ́n Kéré sí Nọ́ḿbà Wa". Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ jìtá.

Èmi ò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì mọ̀ mí. Mo rí i lórí pèpéle ní Èkó nígbà tó ti dàgbà tán. Ó ń kọrin, ó ń dápàárá, ó ń fi àwọn obìnrin tó jókòó níwájú ṣẹ̀fẹ̀, gbogbo ilé ń pariwo. Ojú mi kò kúrò lára ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àtàǹpàkò yẹn ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lórí àwọn okùn tó nípọn, kò yára, kò falẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíì ló ni ín, tí kò gbọ́ àpárá tí wọ́n ń dá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní in lọ́kàn pé bí mo bá máa ṣe orin kan fún un, àtàǹpàkò yẹn ni mo máa ṣe é fún.

Ní agbègbè wa níbí, kíki ẹni ńlá nínú àwo kì í ṣe nǹkan tuntun. Ìlú Haruna Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, ni Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo tí bàbá yẹn kọ́kọ́ ṣe, ní 1948 lọ́dọ̀ His Master's Voice, Orímolúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó ló fi kì. Àwo náà kò tà. Ọba Adébóyè, Orímolúsì náà, wàjà, Haruna sì padà sórí orin náà ní 1955, ó tún un ṣe, ó tún un gbé jáde. Ìgbà yẹn ni aráyé tó gbọ́. Ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàn, tó wá di ẹni tí ẹgbẹ́ ńláńlá ń bẹ̀ kó ṣe àwo fún àwọn, títí dé orí "Òròkí Social Club" tó kọ fún ẹgbẹ́ àwọn ará Òṣogbo ní 1971.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ àwo méjèèjì yẹn síwá sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ wá ẹ̀sùn lè sọ pé ikú ọba ni Haruna fi pawó. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kí ọba nígbà tí ọba wà láyé, tí ẹnikẹ́ni ò ka orin rẹ̀ sí, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè bí etí aráyé bá wá là lẹ́yìn ọdún méje. Bí ọba bá ṣì wà lórí ìtẹ́, oríkì rẹ̀ kò wọ́n, àwọn onílù ààfin ń kì í láràárọ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá lọ. Ta ni yóò wá lọ fi owó ra ohun tó ń gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́? Ìgbà tí kò sí mọ́ ni àwo di nǹkan tí èèyàn fẹ́ gbé pamọ́ sínú ilé. Etí àwọn tó ń rà ló yí padà. Orin kò kúrò níbi tó wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n máa sọ nípa tèmi nìyẹn: ó ti rí òkú tó máa fi jẹun. Oúnjẹ wo ló wà nídìí orin jìtá tí kò lẹ́nu? Àwọn tó ń náwó lóde, orúkọ ni wọ́n ń ra.

Haruna kan náà ló dá Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979, sitúdíò tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè gba ohùn mẹ́rìnlélógún sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ rò ó wò ná. Kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Ìbàdàn. Ìlú tí àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ gẹdú, kòkó àti obì ni olórin àpàlà kan gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá, tí àwọn olórin tí kò gbọ́ Yorùbá rárá sì ń wọkọ̀ wá bá a níbẹ̀. Bí mo bá gbé àwo àtijọ́ kan yí padà, tí mo rí "Ijebu-Igbo" lẹ́yìn rẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké, inú mi máa ń dùn bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ilé náà. Ọkùnrin yẹn kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní 1969, òun àti I.K. Dáìró ti wà nínú ìdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ àwo STAR, kí olórin lè ní àwo tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ọdún 1983 ló kú. Musiliu ọmọ rẹ̀ gbé àpàlà náà dìde padà pẹ̀lú "Ṣóyòyò" ní 2000, ó sì wọlé sí gbogbo ilé ọtí àti gbogbo ọkọ̀ èrò.

Àwa ò ní owó sitúdíò ńlá. Iyàrá kan ní Àgọ́-Ìwòyè la lò, kò jìnnà sí ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ń háyà ilé sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ni ín. Fóòmù ibùsùn ló gbé ti ògiri, ó lẹ páálí ẹyin mọ́ àjà, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà lórí tábìlì, maikirofóònù méjì, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé. Àwọn ọmọ tó fẹ́ kọrin bí àwọn ìràwọ̀ Èkó ni oníbàárà rẹ̀. Ọmọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí n má parọ́. Bí ó bá fi etí sí nǹkan, ó ń gbọ́ ọ.

Àwọn tó wà lórí orin náà kò pọ̀: jìtá méjì, gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti agídìgbo. Agídìgbo ni mo takú lé. Èkó tí Rolling Dollar ti di olórin ní àárín ọdún 1950 sí 1960 jẹ́ Èkó tí jìtá àti agídìgbo ti jọ ń jókòó sórí àga kan. Òun fúnra rẹ̀ ń ta á. J.O. Àràbà wà níbẹ̀, Adéolú Akínsànyà àti ẹgbẹ́ Rio Lindo rẹ̀ wà níbẹ̀. Àpàlà Haruna kò ní jìtá, agídìgbo ló wà ní ìdí rẹ̀, tó ń ró kùùkùù lábẹ́ ohùn rẹ̀ tó wúwo. Nítorí náà, bí ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó bá fẹ́ bá ọmọ Ẹdẹ sọ̀rọ̀ nínú orin, àpótí onírin yẹn ni ibi tí àwọn méjèèjì ti lè pàdé.

Ẹni tó ṣì ń ta á dáadáa ní agbègbè wa, àgbà kan ní Ìwòpin ni, létí ọ̀sà, ní Ògùn Wáàtásáìdì. Èèyàn á gba Ìjẹ̀bú-Òde, á gba Ìbíadé, ọ̀nà náà á sì máa bá ọkọ̀ jà títí omi á fi yọ. Bàbá náà ń tọ́jú àwọ̀n nígbà tí mo débẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìgbójú sókè.

"Rolling Dollar yìí, ṣé ó bí ọ ni?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ ló rán ọ?"

"Wọn ò rán mi, sà."

"Kí ló dé tó o fẹ́ ṣe òkú olókùú?"

Mo sọ ti àtàǹpàkò fún un. Ó fi àwọ̀n sílẹ̀, ó wọlé, ó gbé agídìgbo jáde, ó fi ṣòkòtò nu eruku ojú rẹ̀, ó sì ta nǹkan kan tí ìlù ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń rìn bákan náà gẹ́lẹ́. "Ṣé èyí lò ń wí?" Òun náà ti gbọ́ àwọn àwo yẹn nígbà èwe rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wọn wá láti Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú iyọ̀ àti kẹrosíìnì.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ọwọ́ náà, nítorí àwọn tí kì í ta jìtá lè máa rò pé àṣejù ni mò ń ṣe. Ìka méjì péré ni. Àtàǹpàkò ń bá okùn ìsàlẹ̀ lọ, ìka ìlábẹ̀ ń fa ti òkè, ọ̀kan ń rìn, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀. Àwọn atukọ̀ Kru láti etíkun Làìbéríà ló gbé irú ọwọ́ yìí rin gbogbo etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Freetown dé Akkra dé Èkó. Ní 1928, Kumasi Trio ti Gánà lọ fi "Yaa Amponsah" sí àwo ní Lọ́ńdọ̀nù, títí dòní olónìí kò sí oníjìtá hàìláìfù tí kò jẹ nínú rẹ̀. Àwọn bàbá wa ní Èkó gba ọwọ́ yìí, wọ́n sì fún un ní ohun tí ó wù wọ́n. Àyìndé Bákàrè so jìtá mọ́ iná mànàmáná nígbà tí ogun Hitler parí kò pẹ́ púpọ̀, jùjú sì bọ́ sí ìta gbangba. Iná lè mú ohùn ga, àmọ́ bí àtàǹpàkò bá kọsẹ̀, iná á kéde rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò ni. Ọ̀pọ̀ wa lónìí ń fi abala ike pẹlẹbẹ lu okùn, a ń yára, a ń ṣe fàájì, àwọn èèyàn ń lẹ owó mọ́ wa níwájú. Ìka ìlábẹ̀ wa ti já fáfá. Àtàǹpàkò wa ti yọ̀lẹ.

Orin wo ni ká ta? Èyí tó rọrùn jù ni ká mú ọ̀kan nínú tirẹ̀ ká tún un ta. Òfin kò gba ká kàn ṣe bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà Nàìjíríà ti 2022, orin ẹni tó kú wà lọ́wọ́ àwọn tó jogún rẹ̀ fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ti Rolling Dollar á sì wà bẹ́ẹ̀ títí 2083 fi máa parí. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ gba àyè, kó sì sanwó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá wa jìyà tó nígbà tí ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ ń tẹ orin wọn tà. Ohun tí òfin kò lè dè ni ọwọ́. Kò sí ilé ẹjọ́ tó lè sọ pé àtàǹpàkò mi kò gbọ́dọ̀ rìn bí ti ẹnìkan. A kọ orin tuntun, a gbé e lé ìrìn tó jẹ́ ti bàbá náà.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Bàbá Ìwòpin dé sitúdíò, tí a fẹ́ gbọ́ ara wa. Ọmọ sitúdíò fi aago kan sí wa létí, tíkù, tíkù, tíkù, kí gbogbo wa lè máa rìn bákan náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é níbi gbogbo. Bàbá yọ ọ́ kúrò létí. "Ta ló bí aago yìí tó fi ń pàṣẹ fún mi?" Ìyẹn ṣì kéré. Agídìgbo náà kò bá jìtá wa mu. Ẹni tó bá mọ agídìgbo mọ̀ pé irin pẹlẹbẹ orí rẹ̀ ṣeé fà síwá sẹ́yìn kí ohùn rẹ̀ lè ga tàbí kó lọ sílẹ̀. Bàbá kọ̀. Ó ní bí òun ṣe jogún rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ sitúdíò ní kò burú, òun á fi kọ̀ǹpútà fa ohùn náà bọ̀ sípò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ. Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí, bí ẹni tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́.

Ohun tí kọ̀ǹpútà máa fà bọ̀ sípò gan-an ni ohun tí mo lọ sí Ìwòpin torí rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ àwo ọdún 1950 sí 1960, jìtá kò wà níbi tí dùùrù òyìnbó fi í sí. Ó wà níbi tí etí àwọn tó ń ta á fi í sí, gbogbo ẹgbẹ́ sì jọ wà níbẹ̀. Torí náà la ṣe tú okùn jìtá méjèèjì, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohùn Bàbá. Ó gbà wá lákòókò. Èkejì mi ń ráhùn. Nígbà tí a rí i, ara iyàrá náà yí padà, kódà ọmọ sitúdíò gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ ṣe?" Mo ní a ò ṣe nǹkan kan, a wulẹ̀ dúró sẹ́yìn àgbà ni.

A kò lo aago. A jọ ta á pọ̀ nínú iyàrá kan náà, bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń hùn lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá fetí sílẹ̀ dáadáa, ẹ ó gbọ́ jẹnẹrétọ̀ náà. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo máa ń ronú nípa Ali Farka Touré ará Mali nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó kú ní 2006, lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti mọ jìtá rẹ̀, tí àwọn ará Niafunké sì ti fi í ṣe olórí ìlú wọn. Kò fẹ́ kí Vieux ọmọ rẹ̀ di olórin rárá. Ọmọ náà sì di oníjìtá. Ní 2022, Vieux àti àwọn mẹ́ta kan láti Texas tí wọ́n ń jẹ́ Khruangbin gbé àwo kan jáde tí wọ́n pè ní "Ali", orin bàbá náà ló kún inú rẹ̀. Jìtá báàsì wọn rọ̀, ìlù wọn kò sáré, ó dà bí ìgbà tí èèyàn jókòó sábẹ́ igi lọ́sàn-án. Mo mọ àwọn tí inú wọn ò dùn sí i, wọ́n ní iyanrìn aṣálẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ ló ni ilé bàbá rẹ̀, bó bá fẹ́ kó gbé fèrèsé síbi tí ògiri wà. Èmi kì í ṣe ọmọ Rolling Dollar. Àlejò ni mí nínú ilé yẹn, mo gbọ́dọ̀ bá àga níbi tí wọ́n gbé e sí. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà láàárín orin tí ọmọ ṣe fún bàbá àti èyí tí ẹni tó ń wo èèyàn lókèèrè ṣe fún un: ọmọ lè yí i padà tìfẹ́tìfẹ́, ẹni òkèèrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ta dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ẹnu tún padà wá. Akọrin ẹgbẹ́ wa, obìnrin tí ohùn rẹ̀ ń mú àwọn èèyàn sunkún lóde òkú, ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ìdajì orin náà. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Ó pe bàbá náà ní erin, ó pè é ní àjànàkú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká má lò ó. Ó bínú sí mi, kò sì jẹ̀bi. Ó ní, "Ẹ fẹ́ ṣe orin fún èèyàn, ẹ ò fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Báwo lẹni tó ń gbọ́ ọ ṣe máa mọ̀ pé òun ni?" N kò ní èsì. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí a kò pè lórúkọ kò gbọ́ pé à ń kí òun.

Bàbá Ìwòpin ló tú u. Ó nawọ́ sí ọmọ Àyàn tó jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú gángan rẹ̀. "Èyí tí ẹ gbé jókòó yìí ńkọ́? Ṣé odi ni?"

Ìtìjú bá mi díẹ̀, kí n sọ òótọ́. Ẹdẹ mà ni Rolling Dollar ti wá! Ìlú Tìmì Adétóyèsè Láoyè, ọba tó gbé dùndún kọ́rùn fúnra rẹ̀, tó ń lù ú níwájú àwọn àlejò láti gbogbo ayé, títí tó fi wàjà ní 1975. Ẹni tó bá ti ìlú yẹn wá, ìlù ló yẹ kó pè é. Ọmọ Àyàn bẹ̀rẹ̀: Ọláyíwọlá, Fàtáì, Ọlágúnjú, gbogbo wọn jáde pérépéré. Ìgbà tó dé orí Rolling Dollar ni ẹ̀rín bọ́, nítorí ọ̀tọ̀ ni bí ará Èkó ṣe ń pè é, ọ̀tọ̀ ni bí ará Ìjẹ̀bú ṣe ń pè é, ọmọ sitúdíò sì búra pé oúnjẹ lòun gbọ́ pé ìlù náà ń béèrè. Wọ́n jiyàn lé e títí wọ́n fi fẹnu kò. Nínú orin náà, gángan á pè é, jìtá á jẹ́ ẹ, agídìgbo á máa rìn lọ lábẹ́ wọn. Akọrin wa gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo gbà pé ó dáríjì mí, torí pé ó lù ú dáadáa.

Ká tó gbé orin náà jáde, mo tún lọ gbọ́ ohun tí bàbá náà fúnra rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ alẹ́. Ó pẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ti kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn kí Kúnlé Tẹ́júoṣó ti Jazzhole ní Ìkòyí tó wá a rí, tó gbé e wọ sitúdíò padà nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òun àti àwọn àgbà olórin Èkó mìíràn ni wọ́n di ẹgbẹ́ Fàájì Àgbà, tí Rẹ̀mí Vaughan-Richards fi ọ̀pọ̀ ọdún ya fíìmù nípa wọn. Fíìmù náà jáde ní 2015, àwọn kan lára wọn ti lọ kó tó parí. Nígbà tí Orlando Owoh kú ní oṣù Kọkànlá 2008, ẹni tó kọ́ ọ ṣì wà lórí pèpéle. Mo gbìyànjú láti fojú inú wo ohun tí àgbàlagbà yẹn máa ta nínú ilé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, bó bá jẹ́ pé ó ta nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń sọ pé ìgbà tí èèyàn bá wà láàyè ló yẹ ká yẹ́ ẹ sí, a sì ń sọ ọ́ lóde òkú. Tẹ́júoṣó kò sọ ọ́. Ó kó maikirofóònù wá, ó jẹ́ kí bàbá ta jìtá. Lójú mi, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa máa ṣe tó lè tó ìyẹn, a ò sì gbọ́dọ̀ torí bẹ́ẹ̀ ká ọwọ́ kò.

Àwọn tó ti gbọ́ ọ ń sọ oríṣiríṣi. Oníjìtá kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ó lọ́ra jù, wọn ò lè fi náwó. Òótọ́ ni. Ẹlòmíì ní òun ò gbọ́ Rolling Dollar níbẹ̀, Ìjẹ̀bú lòun gbọ́. Èyí dùn mọ́ mi ju bó ṣe rò lọ, nítorí àtàǹpàkò ni a yá, a kò yá ìlú.

Ìgbà tí a fẹ́ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ sitúdíò béèrè orúkọ tó máa kọ sí i. Ó ní orúkọ ẹnìkan ni wọ́n ń fẹ́, kó má gùn. Mo bi í pé ta ló ta jìtá kejì lórí àwọn àwo Rolling Dollar ti 1957. Kò mọ̀, èmi náà ò mọ̀. Àwọn tó tẹ àwo náà kò kọ ọ́ sílẹ̀, torí orúkọ ọ̀gá ti tó wọn. Mo ní kó kọ orúkọ gbogbo wa, kó sì kọ ohun tí kálukú lù síwájú orúkọ rẹ̀, bó bá ṣe gùn tó kó gùn. Ó pe Bàbá lórí fóònù láti bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀. Bàbá sọ ọ́ fún un, ó sì ní kó gbọ́ dáadáa o, kó má lọ kọ "ìlù" sí òun lára, agídìgbo ni kó kọ.